Akólé Tí Kò Jẹ́ Kí Kíkẹ́ Sùn

Oǹdó,
Ọjọ́ Ajé.

Kíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé àwọn ará Ìsìkàn tí o ń gbé láàárín wọn ti ń dáhùn bí o bá kí wọn? Bí o bá béèrè mi, mo wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Ọlọ́run tó yọ mí kúrò lóko nígbà tí ọ̀nà oko kò ṣeé rìn mọ́ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní Àkúrẹ́. Àmín.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Èmi fúnra mi ni mo kà á, nítorí oṣù keje rèé tí mo ti ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ mi, Ìyá Tuntun ni wọ́n ń pè mí. O kò fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà kankan sí i, ṣùgbọ́n mo fi sùúrù kà á báyìí pé akólé kò jẹ́ kí o sùn, o kò tíì rí èyí tí o máa mú, olùkọ́ yín ní kí o mú èyí tó sún mọ́ ilé, àti pé bí o kò bá rí ọ̀kan mú títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ. Kíkẹ́! Kólékólé! Irú olùkọ́ wo ló ń rán ọmọbìnrin lọ mú olè, tí yóò tún yọ orúkọ rẹ̀ bí olè bá sá lọ?

Mo gbé fóònù lọ bá olùkọ́ tiwa, Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àkọlé ni ọmọ náà ń wí, pé orí ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ àròkọ ni kò tíì rí. Mo ní ẹ dákun, sà, àkọlé wo ló ń gba oorun lójú ènìyàn? Àwa náà ń kọ àkọlé sórí pátákó lójoojúmọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ewu ló lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run ti pèsè. Láyé tó le yìí, tí ìrẹsì ti padà di oúnjẹ ọdún, jàgùdà já báàgì gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan lẹ́nu géètì ilé ìgbẹ̀bí tí mo ń gbálẹ̀ fún, ni Mátírọ́ọ̀nù Agnes bá ní gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀, títí kan agbálẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí. Tìrẹ ni mo kọ. Jọ̀ọ́, bí wọ́n bá pè, má gbé e, kí nǹkan kan má baà ṣe mí.

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Bísọ́dún, ló ń kọ́ wa. Ó ní bí wọ́n bá di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, má fà á sẹ́yìn, yí i sí ìhà àtàǹpàkò wọn, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Mo dán an wò lára Lawrence tó ń ṣọ́ géètì, mo sì bọ́! Lawrence ní àṣé mo ti ń jẹ iyán ní kọ̀rọ̀. Bísọ́dún wá ní ohùn ni ohun ìjà àkọ́kọ́, kí kálukú kígbe. O mọ̀ mí, bí mo bá kí ènìyàn, àfi kó tún béèrè ohun tí mo wí. Nígbà tí ó kàn mí, igbe mi kò kọjá etí ara mi. Bísọ́dún ní, Ìyá, ṣé ẹ̀fọn lẹ ń lé ni àbí olè? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, mo rí ọwọ́ akólé náà lọ́rùn rẹ, ni mo bá ké pé kó fi ọmọ mi sílẹ̀. Kíkẹ́, ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Obìnrin kan tó ti ń rọbí láti àárọ̀, tó ní òun kò ní okun mọ́, ta gìrì níbi tó wà, ọmọ sì bọ́ sílẹ̀, akọ! Àwọn ènìyàn rẹ̀ sáré jáde, wọ́n ní ta ló ké, kí ni orúkọ rẹ̀. Láti oṣù méje tí mo ti dé Oǹdó, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní orúkọ rí. Mo ní Fẹ̀yìntọlá. Wọ́n ní kí n tún un wí, mo sì tún un wí, ó dún.

Nítorí náà, má wá akólé kankan lọ sí Alágbàká níbi tí àwọn ẹni ńlá ń gbé. Mo ti rò ó, olùkọ́ rẹ gbọ́n ju bí mo ti rò lọ. Èyí tó sún mọ́ ilé ni kí o mú. Má tijú, fi ohùn ara rẹ ké, kí wọ́n lè béèrè pé ọmọ ta nìyí. Bí o bá ti mú un tán, kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti orí dé ìdí, kí n kà á sétí Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè, kó lè dẹ́kun ẹ̀rín.

Mo fi gàrí rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Bí owó díẹ̀ bá kù lọ́wọ́ rẹ, fi ra bàtà kánfáàsì fún mi, sálúbàtà mi já níbi tí mo ti fi tẹ Lawrence lẹ́sẹ̀.

Wọn kò ní yọ orúkọ rẹ láéláé. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ àwọn tó ṣe é yọrí, wọ́n á pe tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ̀yìntọlá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: mo fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ mi, kí o má baà ṣì mí kà. Ìwọ náà máa fi sí i. Ọ̀rọ̀ olè kì í ṣe ohun tí a ń ṣì kà.