Ariwo Jíà Ọkọ̀ Pupa

Ẹ̀gbọ́n mi Ersilio,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Melbourne ò pọ̀ jù? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀ díẹ̀, tòmátì ẹ̀yìnkùlé sì ti ń pọ́n.

Inú pálọ̀ ni fóònù wà, Bàbá á gbọ́, ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé. Ọkọ̀ pupa wọn ń han gooro tí wọ́n bá ń yí jíà. Nazareno mẹkáníìkì ní eyín jíà ti jẹ, òun máa tú u. Bàbá ní, "Ìwọ yìí? Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni kó o lọ máa tú!"

Nígbà tí Bàbá sùn lọ́sàn-án, mo wa ọkọ̀ náà yí ṣọ́ọ̀ṣì po. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, gbogbo jíà sì wọlé wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó ti Bàbá bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ òsì ò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì kọjá ìdajì, orúnkún ń gbọ̀n; ìyẹn ló ń mú jíà han.

"Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

"Jíà ni mo ní kó o gbọ́, ẹsẹ̀ lò ń wò!"

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àlùfáà wọ́n omi mímọ́ sí àwọn ọkọ̀ lórí òkè lọ́jọ́ San Cristoforo, ẹni mímọ́ àwọn awakọ̀. Bàbá ò pa á jẹ rí. Ẹ mọ bí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ṣe rí tí jíà ò bá wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n lọ rí dókítà, kí wọ́n sì jẹ́ kí n wa ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo yín fún wa.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi. Bàbá ti ń wá a káàkiri ilé.

Àbúrò yín,
Delfina