Ohùn Dúdú Nínú Téèpù Ńlá

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Mo gbọ́ pé Bàbá Sítúdíò fẹ́ ta rẹ́kọ́dà ńlá wọn. Èyí gan-an tí Dúdú, ẹ̀gbọ́n mi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọrin sí kó tó kú. Téèpù náà wà lọ́wọ́ mi, ó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ, kò sí ẹ̀rọ míì tí mo mọ̀ tó lè gbé e. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà á sí ni mo ń gbọ́ látọjọ́ yìí, gbogbo ohùn ti lọ́ mọ́ra bí irun dídì. Mo pe Bàbá. Wọ́n ní nínú téèpù ńlá, olúkúlùkù ló ní ọ̀nà tirẹ̀; a lè ti ìyókù pa, kó ku ẹnì kan.
Dúdú nìkan. Ọlọ́run mi.

Ọjọ́rú, 5
Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ra rẹ́kọ́dà náà. Ó ní kí la fẹ́ fi erin ṣe nínú yàrá méjì. Àmọ́ orúkọ náà bá a mu — Erin.

Àbámẹ́ta, 8
Mo mú Jẹ́jẹ́ dání, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń tún rédíò ṣe, tí kì í kánjú sí ohunkóhun. Yàrá ẹ̀yìn ilé Bàbá: fóòmù ti ń bó lára ògiri, oòrùn ti jẹ kọ́tìnì, Erin wà lábẹ́ aṣọ funfun. Bàbá ṣí i bí ẹni ń ṣí ojú ọmọ tuntun.
Imú ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ lò. Ó gbóòórùn mọ́tò, bóyá ó ti jóná rí. Kò jóná. Ó fa èékánná lórí irin tí téèpù ń gbà kọjá. Èékánná há. Ó wò mí. "Ó ti jẹ, ìyàwó wa. Téèpù ti gbẹ́ kòtò sí i lára." Bàbá ní, "Ta ni ò jẹ? Èmi náà ti jẹ." A rẹ́rìn-ín. Rọ́bà tó ń fa téèpù ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bíréèkì kan ò mú dáadáa. Bàbá wá fi téèpù òfìfo sí i, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Dúdú nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Ó ń padà bọ̀ léraléra — ọ̀nà kan yadi, òmíràn ń ta bí epo gbígbóná. Ìyókù dáa.
Mo yọ téèpù mi nínú àpò. Bàbá pariwo. "Rárá o! Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti rọ̀. Bó bá sáré báyìí, á bó bí èèpo." Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ooru mú un gbẹ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa dún.
Mo fi téèpù náà sílẹ̀ fún wọn. Mo rìn wálé bí ẹni tó gbàgbé ọmọ sílé onílé.

Àìkú, 9
Ìdúró ò dáa. Ìjókòó ò dáa.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo sọ ọ̀rọ̀ téèpù náà fún Màmá wa. Wọ́n ní lórí fóònù, "Ẹni tó sùn, ẹ jẹ́ kó sùn." Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni. Aṣọ Dúdú kan ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn tí wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ̀ — ta ló ń tan ta?

Àbámẹ́ta, 15
Màmá ti dé ilé Bàbá Sítúdíò ṣáájú mi! Báàgì lórí itan, bí ẹni ń dúró de dókítà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò wò mí lójú.
Bàbá gbé téèpù tó ti gbẹ sórí Erin, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì yí. Orin bú jáde, bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá ń ti ọ̀nà pa níkọ̀ọ̀kan: gìtá lọ, dùùrù lọ. Ó ku ohùn mẹ́ta. Mo nàka sí ohùn òkè, èyí tó tín-ín-rín, tó máa ń gbọ̀n níparí ọ̀rọ̀. Òun ni mo fi ń sunkún ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ní, "Ẹ fi òun nìkan sílẹ̀."
Bàbá ní, "Ọmọ mi, Ọ̀pẹ nìyẹn." Ẹlẹgbẹ́ Dúdú tó ga yẹn.
Wọ́n ti Ọ̀pẹ pa. Wọ́n ṣí ohùn kan nísàlẹ̀, ó nípọn, ó rọra ń gbé orin rù, n ò fetí sí i rí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Bí Ọlọ́run ti ń gbọ́ mi, mi ò mọ̀ ọ́n.
Màmá ti káwọ́ lérí. "Òun ni! Ohùn bàbá ẹ̀ ló gbé!" Wọ́n ń kì í ní oríkì níwájú irin.
Nígbà tó parí, ìyẹ̀fun téèpù ti kún ara Erin. Kò ní dún mọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti gba ohùn náà sórí fóònù mi, àti ti Màmá.

Àìkú, 16
Mi ò ra Erin. Jẹ́jẹ́ ní mo gbọ́n. Kì í ṣe ọgbọ́n. Mò ń gbọ́ Dúdú lórí fóònù, mò ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ èdè. Etí mi ò gbà. Ohùn tí àárò rẹ̀ ń sọ mí, ohùn alààyè ni. Ọ̀pẹ ò kú.

Ajé, 17
Mo gba ilé Ọ̀pẹ lọ láti ibi iṣẹ́. Bàbá ló júwe rẹ̀. Bàtà àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tútù lórí okùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ. Mo kan ilẹ̀kùn.
Láti inú lọ́hùn-ún: "Ta nìyẹn?"
Ó gbọ̀n níparí.
"Ẹ má bínú, mò ń bọ̀ — ta nìyẹn?"
Mi ò dáhùn. Mo fẹ́ kó tún béèrè.