Ọmọ Mi Di Ọlọ́pàá Ìlera

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo sì kí ọ kú àdáwà láàárín èrò. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ nípa oúnjẹ kí n tó sọ ohunkóhun, torí ó wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó ní egungun ọrùn rẹ ti ń yọ. Ibi tí o bá forí lé, ire ni kó máa pàdé rẹ. Ẹni tó bá ní o ò ní gòkè, ìsàlẹ̀ ni kó ti máa wò ọ́. Àmín. Ara àwa náà le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Nínú fọ́tò yẹn, kí ló dé tí wọ́n so okùn mọ́ gbogbo yín lọ́rùn, tí páálí kékeré sì wà lẹ́nu okùn náà? Ìyá rẹ ní bóyá kí ẹ má baà sọnù ni. Mo ní ọmọ tó ti jáde yunifásítì kì í sọnù bí ewúrẹ́. Ó ní ìlú ńlá nìyẹn, èèyàn lè sọnù sínú ilé.

Nígbà tí o kọ ọ́ pé wọ́n ti mú ọ sí fẹ́lóṣíìpù hẹ́ẹ̀tì pọ́lísì, tí o ní o ò mọ bí o ṣe máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa, inú mi dùn débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò ara mi. Mo ní má ṣèyọnu, èmi á túmọ̀ rẹ̀. Fẹ́lóṣíìpù, ìjọ àdúrà ni. Ohun tó rú mi lójú níbẹ̀ ò ju pé o ní wọ́n á máa sanwó fún yín lóṣooṣù. Ìjọ tó ń gbowó ni mo mọ̀, mi ò tíì rí èyí tó ń san án fún ọmọ ìjọ. Ìyá rẹ ní kí o má jẹ́ kí ayé gbọ́. Hẹ́ẹ̀tì ni ìlera, pọ́lísì sì ni ọlọ́pàá. Ó já sí pé ẹ̀ ń gbàdúrà, ẹ sì ń mú àìsàn. Gbogbo ẹni tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ni mo sọ fún pé ọmọ mi ti di ọlọ́pàá ìlera. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá wọ́n fún ọ ní ìbọn, mo ní abẹ́rẹ́ ni yóò jẹ́.

Wàyí o, fara balẹ̀ ka èyí tó kù. Má jáyà, ayọ̀ ló parí sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbi iṣẹ́, ìyá rẹ ò sí nílé, èmi nìkan ló kù, gúlù sì kún irùngbọ̀n mi. Mo gbé e sórí ọmọlanke tí mo fi ń kó pákó, mo fi tìmùtìmù àga oníbàárà tẹ́ ẹ, mo ń tì í lọ, ó ń ké, mo ń kí i pé kú ìrọ́jú, àwọn èèyàn ń yà fún wa.

A dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Yàrá ìgbẹ̀bí wà ní títì. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́mándà nítorí fìlà rẹ̀, ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé ni, nọ́ọ̀sì àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti lọ sáwọn abà, òfin tó tòkè wá ni pé kí àwọn méjèèjì jáde, kẹ́nikẹ́ni má sì ṣílẹ̀kùn títí wọ́n á fi dé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, àmọ́ àṣẹ ò sí lọ́wọ́ òun. Ọmọ mi, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn. Igi gidi ni mo lò, mo sì máa ń yangàn pé olè ò lè já a. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ tó dáa náà lè dun oníṣẹ́.

Ni mo bá fi gbogbo ohùn mi bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ mi ni ọlọ́pàá ìlera, ìwọ lo sì rán mi. Ojú Kọ́mándà yọ. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá sójà, ó ṣílẹ̀kùn, a jọ gbé ìyàwó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fò sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sá tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ. Ìyàwó di ọwọ́ mi mú, ó ní bàbá, ṣé mi ò ní kú báyìí? Mo ní kò sẹ́ni tó ń kú lọ́wọ́ káfíńtà. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Omi ń dà lójú mi, mo ń pe Ọlọ́run, mo sì ń fi fìlà mi fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì dé lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ sórí itan, ó sì lé mi síta. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni! Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbímọ pọ̀, tó bá jẹ́ ìta ló bí i sí ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Ó wá bi mí pé ọlọ́pàá wo? Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ hàn án lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní pọ́lísì yín kì í ṣe ọlọ́pàá, ìlànà ni, bí àwọn àgbà ṣe ń pinnu bí ìtọ́jú á ṣe máa lọ. Pé wọ́n mú ẹ̀yin ọmọ yìí kí ẹ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì máa dá sí i. Ó ní ilẹ̀kùn tó tì mọ́ wa lójú yẹn, pọ́lísì ni. Àṣé ẹnì kan jókòó síbì kan, ó mu tíì, kò mọ ìyàwó wa rí, ó ní kí nọ́ọ̀sì àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ ṣépè, nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ abà ń kú tẹ́lẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni ò pọ̀ tó, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn léèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ìwòsàn náà wá wádìí Kọ́mándà nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo lọ síbẹ̀, mo ní èmi ni mo parọ́ fún un, láìmọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀gá náà ò dàgbà jù ọ́ lọ. Ó wo ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní òun ò ní lé Kọ́mándà, ṣùgbọ́n kó má ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ mọ́, òun kọ́ ló ń ṣòfin. Kọ́mándà bọ́ fìlà, ó ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun nígbà náà, torí tó bá wà lọ́wọ́ òun, òun á ṣí i. Ọ̀gá ò gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó kàn wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ tó bá wà, torí tìmùtìmù ti bàjẹ́, oníbàárà sì ní ayọ̀ ọmọ ò kan àga òun. Èyí tó jẹ mí lógún jù nìyí: oyún ìyàwó télọ̀ ti wọ oṣù ìbí, ọjọ́ abẹ́rẹ́ sì tún ń bọ̀. O ní ẹ̀yin ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn àgbà tó ń ṣe ìlànà yẹn, pé ẹ kàn ń gbọ́. Kí wọn dáadáa. Bó bá gba ìkúnlẹ̀, kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé kí nọ́ọ̀sì kan máa dúró sílé ìwòsàn lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Oyún kì í dúró de ìpàdé.

Ẹnu rẹ ò ní wúwo níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Etí àwọn àgbà ò ní di sí ọ. Ibi tí ohùn tèmi ò lè dé, tìrẹ á dé ibẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.