Omi Eegun Tí Ẹ Kò Kọ́ Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ọdún Kérésì ti lọ, adìẹ ti tán nínú ìkòkò, inú sì ń bí mi. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà níbí, ẹ̀rín lẹ máa kọ́kọ́ rín, ẹ ó wá bi mí pé ta ló tún ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ̀yin àti ìyàwó ọmọ yín ni. Ẹ̀yin náà ni mo sì fẹ́ fi ẹjọ́ yín sùn, torí kò sí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé mo ti dàgbà ju ẹni tó ń jowú nítorí omi eegun lọ.

Kérésì èṣí ló bẹ̀rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ tí a ṣe láìsí yín. Gbogbo wa pé sílé Káyọ̀dé àbúrò mi ní Òkòkòmáíkò, ilé tí ẹ gbé títí ẹ fi lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ọdún, ìyàwó wa gbé abọ́ omi eegun kan wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Eyínfúnjowó òun gbà á. Orúkọ tó sọ mí nìyẹn látọjọ́ tó ti wọlé wa, kò pe orúkọ mi gan-an rí. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Màmá, ẹ̀yin ni. Òórùn èéfín díẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ kan imú, atalẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e, ata tó ń rọra ta ọ̀nà ọ̀fun, àti efirin tó ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ojú mi kún fún omi. Mo fẹ́ sunkún yín dáadáa lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, Káyọ̀dé ti gbé ohùn sókè pé ọwọ́ Màmá ti bọ́ sí ìyàwó òun lára, gbogbo ilé sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹkún mi padà sínú. Owú ló dá a padà.

Báwo ni ọwọ́ yín ṣe máa bọ́ sára ẹni tí ẹ kò bí? Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì yín nínú ọjà bárékè l'Ọ́jọ́, tí mo ń ṣa bọ́tìnì nílẹ̀, nígbà tí ẹ ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ṣọ́jà. Èmi ni mo mọ̀ pé eyín lẹ fi ń gé òwú, kódà bí sísọ́ọ̀sì bá wà lórí itan yín. Èmi ni mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbàgbé abẹ́rẹ́ sí àyà aṣọ, tí màá sì yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Ṣé ìyàwó wa mọ ìyẹn náà? Ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo rántí ọjọ́ kejì Kérésì nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan adìẹ, ẹ ti ya ọrùn, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti ṣóńṣó apá sọ́tọ̀, ẹ ti dé e mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ ó sì lé mi jáde. Ẹ ní èéfín ò dára fún ojú mi, kí n lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣeré ọdún. Ìkẹ́ ni mo pè é nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ni màá tó tún yọjú, omi náà á ti pọ́n bí oyin, á máa hó díẹ̀díẹ̀ lórí iná tó fẹ́ẹ́ kú, ẹ ó sì jókòó tì í, ẹ ó máa bu ìfófòó orí rẹ̀ dànù. Ẹ ó bu díẹ̀, ẹ ó fẹ́ ẹ kó tutù, ẹ ó kán an sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ kì í bi mí pé ṣé ó dùn. Ojú mi lẹ máa ń wò.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń jowú lórí omi náà, kí n má tàn yín. Bí ọmọ ará ilé kan bá ń wúkọ́, ẹ ó bù ú sí ife fún un, èmi ó sì máa wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ìkòkò. Èyí tó kù lẹ fi máa ń se ìrẹsì ọjọ́ kẹta. Ìrẹsì yẹn kì í ní ẹran, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ẹran.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi yín. Ṣé ẹ rántí? Orí fóònù ni, ẹ ti wà lọ́dọ̀ Káyọ̀dé nígbà náà. Mo ní kí ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún mi. Ẹ ní eegun ni, omi ni, iná ni, kí ló tún kù. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà yín ni. Mi ò mọ̀ pé lásìkò yẹn gan-an, ẹ̀ ń jókòó sí kíṣìnnì ìyàwó wa, ẹ̀ ń là á sílẹ̀ fún un. Kí ló dé, Màmá? Ṣé mi ò tó ẹni tí ẹ lè fi hàn ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìbínú yìí kò bẹ̀rẹ̀ nídìí ìkòkò. Nígbà tí ara yín kò le mọ́, mo ti tún yàrá kan ṣe fún yín nílé mi ní Ìbà. Mo ti fi kọ́tìnì sí i. Ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé lẹ lọ. Ẹ ní ilé ọkọ ni mo wà, pé ilé ọmọkùnrin yín ló yẹ yín. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ó burú. Látìgbà náà ni Òkòkòmáíkò ti jìnnà sí mi, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í pẹ́ débẹ̀ láti Ìyànà Ìbà. Torí tiyín ni mo ṣe ń lọ. Torí omi eegun náà ni, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún yìí, mo ti pinnu. Mo gbé abọ́ ńlá onídèérí kan dání lọ. A jẹ, a mu, a ṣeré. Ìdí adìẹ wà nínú àwo ìrẹsì mi, ìyàwó wa ló fi sí i. Ta ló sọ fún un pé èmi ni mo ni ìdí adìẹ nílé wa? Inú bí mi sí ìyẹn náà, mo sì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo wọ kíṣìnnì, mo sọ fún un pé èmi ni màá se omi eegun tọdún yìí, kó kó gbogbo eegun fún mi. Ọmọ ilé ni mí, òun sì ni ìyàwó. Kò lè sọ pé rárá. Ó wò mí díẹ̀. Ó kó ọrùn, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀, ó tò wọ́n sínú abọ́ mi bí ẹni tó ń di ẹrù fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé.

Ó wá fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó ní, “Eyínfúnjowó mi, kí ẹ tó da omi sí i…” Mo gé e mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní kó tó mọ̀nà ilé wa ni mo ti ń mu omi eegun Màmá mi. Ó bá mi gbé abọ́ dé ìdí kẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo da eegun sínú ìkòkò tó tóbi jù nílé mi, mo da omi lé e. Mo gé àlùbọ́sà, mo gún atalẹ̀, mo ju ata rodo sí i lódindi. Mo fi iyọ̀ sí i, mo wó mágì lé e, mo tọ́ ọ wò, kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, mo tún wó mágì. Mo rántí pé iná yín kì í le, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Mo yí gáàsì sókè, mo dé ìkòkò pa. Mo ti pe Káyọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí Káyọ̀dé mu ún, kó tún gbé ohùn sókè bó ṣe gbé e léṣìí, kó sọ pé ọmọ Màmá ló gba ọwọ́ Màmá. Mo ti ń gbọ́ ọ létí. Omi náà ń gbẹ, iyọ̀ ń dúró. Mi ò tilẹ̀ rò ó pé adìẹ yẹn ti mu iyọ̀, kọ́rì àti táìmù yó lọ́jọ́ ọdún kó tó dénú òróró.

Wọ́n dé. Mo bù ú fún wọn nínú abọ́ tí n kì í gbé jáde fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó dìde lọ wá omi mu, kò sì padà sídìí abọ́ rẹ̀. Káyọ̀dé ní ó dùn. Ẹ mọ ohùn tó máa ń fi sọ fún onílé pé owó ilé ń bọ̀ lọ́la. Ohùn yẹn náà ni. Èmi fúnra mi gbé ṣíbí kan mì, mo sì fi ṣíbí sílẹ̀. Ìyàwó wa nìkan ló mu tirẹ̀ tán, kò fajú ro. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó tu ú dànù, kí n lè rí ohun tí màá bá a jà lé lórí.

Ó kó àwọn abọ́ tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnnì. Ó ń fọ̀ wọ́n, èmi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wá bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri látèṣí: kí ló dé tí Màmá fi kọ́ ọ, tí wọn kò kọ́ mi? Ó ti omi ẹ̀rọ pa. Ó ní ẹ ti ní kí òun má sọ. Mo ní kó sọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní tí ẹ bá mọ̀ ọ́n sè nílé yín, ẹ ò ní wá sọ́dọ̀ wa mọ́ bí àwọn bá lọ. Wọ́n ní kí n mọ̀ ọ́n sè dáadáa, kí ẹ lè máa rí nǹkan wá mu.”

Mo jókòó sórí àpótí. Àṣé ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé màá bá Káyọ̀dé bínú pẹ́, pé màá máa sọ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ sì ni, Màmá. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mi ò tún dé ilé yẹn títí Kérésì fi dé. Ẹ jókòó sílé ọmọ yín pẹ̀lú ara tí kò le, ẹ̀ ń ro tèmi tó ń bínú ní Ìbà, ẹ̀ ń wá ohun tí ẹ máa fi so mí mọ́ wọn. Ṣé ẹ sunkún nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, àbí ẹ rẹ́rìn-ín? Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni, àbí ọmọ yẹn kàn wá ọ̀rọ̀ tó máa tù mí nínú torí iyọ̀ mi pọ̀? Mi ò ní rí ẹni bi.

Kí n tó nu ojú tán, owú tuntun ti dé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó, ẹ ń tú inú mi palẹ̀, èmi kò sì sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn jù tí ẹ sọ nípa mi, ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ. Òun ló gbọ́ ohùn yín nígbà tí ẹ ń sọ ọ́. Màá jowú ìyẹn títí màá fi wá bá yín.

Ó ti wá ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní iyọ̀ ọjọ́ ọdún ti tó fún eegun náà, kò fẹ́ òmíràn. Ó ní omi tútù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí iná rọra máa jó, kí n má dé ìkòkò pa, kí n sì jẹ́ kó di ẹ̀yìn tí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí efirin tó wọ inú rẹ̀. Mo ń gbọ́. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Ní ti èéfín yẹn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe fún eegun náà…”

Mo tún gé e mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, “Má sọ ìyẹn. Fi í sílẹ̀.”

Èmi kì í ṣe òpè, Màmá. Mo rí àpò èédú lẹ́yìn ilé wọn. Bí mo bá jókòó rò ó, màá mọ̀ ọ́n kíákíá. Mi ò ní rò ó.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó kúnlẹ̀ láti kí mi. Mo fà á dìde, mo sọ fún un pé èmi ni màá ra adìẹ ọdún Àjíǹde wá, òun ni kó se omi eegun rẹ̀, kó má sì gbàgbé ìdí adìẹ mi. Káyọ̀dé ń wò wá bí ẹni pé a ti mutí. Mo ṣì ń jowú ọmọ yẹn; bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń jowú rẹ̀. Ṣùgbọ́n màá lọ. Màá wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìyànà Ìbà, màá jókòó sí pálọ̀ wọn, á gbé abọ́ wá bá mi, màá tọ́ ọ wò. Ṣé ẹ ó máa wo ojú mi?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín kan ṣoṣo, ẹni tó ni ìdí adìẹ.