Má Ṣe Ta Kọ̀ǹpútà Fatihah

Kàmọ́rù ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń jẹun. Òjò ṣí páànù ilé ìdáná. A ti kàn án padà.

Èmi ni mo sọ fún ọ pé Fatihah ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ń tàn ọ́. Ó ní òun so ráútà mẹ́fà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, pọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo rí nínú yàrá rẹ̀. O bínú, o ní ká tà á.

Lánàá ni mo tó bi í léèrè. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà: ètò kan tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ló ń ṣe bíi ráútà, kí òun lè fi kọ́ṣẹ́ kí òun tó fọwọ́ kan ti gidi.

"Ìyá àgbà, ṣebí iyanrìn lẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn gààrí?"

Òótọ́ ni, iyanrìn ni mo fi kọ́ ọ kí n tó máa ta gààrí. Mo ti lé ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà náà lọ.

Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín níbẹ̀. Bá mi bẹ Fatihah, ojú ń tì mí.

Òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó dá bírò dúró níbi ẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo ní kó kọ ọ́.