Lẹ́yìn Àdúrà, Ó Ku Táyà

Bàbá mi àtàtà,

Ọyẹ́ ti dé sí Abuja. Láti fèrèsé mi ní Durumi, àwọn òkè ti di òjìji, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dìde lọ. Mo sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án yìí, mo sì rí yín. Ẹ wọ bùbá funfun yẹn, ẹ ń yí ilé iṣẹ́ gáàsì kan po, ẹ ń fi ẹsẹ̀ ta páìpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ti máa ń ta táyà mọ́tò yín. Ẹ ò sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ro ibi sílẹ̀ kó tó dé. Ní ọ́fíìsì wa ní Utako, a ó tẹ́ àwòrán ibi tí wọ́n fẹ́ ti máa wa epo àti gáàsì sórí tábìlì, a ó máa bi ara wa pé bí páìpù yìí bá bẹ́ ńkọ́, bí iná bá ràn ńkọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ọ̀gá wa á yí ọwọ́ ká orí, á ta ìka, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn á ṣe àmín, wọ́n á sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Ó ń bí mi nínú, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí ẹ̀yin ni mò ń rí lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká pe àìsàn lórúkọ nínú ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kan ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ á máa sùn sí. Wọ́n ti yà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì sínú páìpù. Mo béèrè pé bí gáàsì bá yọ́ jáde nígbà tí wọ́n bá sùn ńkọ́. Ìka tún dún. Mo fẹ́ fi ìbínú jáde, ni mo bá rántí yín. Nígbà ayé yín, bí a bá ti wọ mọ́tò, ẹ ó gbàdúrà ìrìn àjò títí ọrùn á fi máa dùn wá, lẹ́yìn náà ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó ní ó ku táyà.

Mo bá dìde, mo gbàdúrà fún wọn dáadáa. Nígbà tí àmín tán, mo ní ó ku táyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún bi wọ́n ní ìbéèrè náà. Ọ̀gá fi ìka kan ilé náà lórí àwòrán, ó ní: wọn ò ní jí.

Wọ́n ti gbé ilé náà jìnnà sí ẹ̀rọ báyìí, sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Inú mi dùn, Bàbá.

Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, nígbà àìsàn tó mú yín lọ, mo rọra bi yín pé bí ẹ bá lọ ńkọ́. Ẹ ta ìka, mo ṣe àmín, a sì sọ̀rọ̀ mìíràn. A ò kan táyà rárá. Bí ẹ bá tún wá lójú oorun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páìpù sílẹ̀, kí ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń ṣàárò yín.