Òjé Tí Epo Gbé Kọjá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara èmi le, àfi orúnkún, ara ìyá rẹ náà le, pàápàá ẹnu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ.

Àwọn ọkùnrin méjì tí ibiṣẹ́ yín rán wá nítorí kànga wa ti dé. O mọ̀ pé látìgbà tí oníbátìrì ẹ̀yìnkùlé ti ń da omi kíkan bátìrì sílẹ̀, wọ́n ní òjé ti wọnú kànga, májèlé sì ni. Odò ni mo ti ń pọnmi látìgbà náà, tòun ti orúnkún yìí.

Wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù kan kalẹ̀ tó ní ìgànná tí kò ga dé ẹnu rẹ̀ láàárín. Wọ́n da omi kànga sí apá kan, omi tiwọn sí apá kejì, wọ́n wá da epo kan lé méjèèjì lórí. Wọ́n ní epo yìí á gba òjé lọ́wọ́ omi kànga, á gbé e kọjá lórí ìgànná, á já a sínú omi kejì. Mo ní epo tí kì í bá omi ṣe ló wá di alárinà? Alárinà wo ni kì í bu tirẹ̀? Mo gbé àga tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mi ò rí nǹkan kan tó kọjá.

Nígbà tó yá, wọ́n rọ omi kànga tí epo ti gba òjé lọ́wọ́ rẹ̀ sínú táńkì kan fún wa, wọ́n rọ omi kejì sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dé e pinpin, wọ́n fẹ́ máa gbé e lọ. Ara fu mí. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ bíi góòlù? Kànga bàbá mi ni wọ́n ṣáà ti fà á jáde. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sábẹ́ ibùsùn mi. Ìyá rẹ kó ẹní lọ sí yàrá kejì, ó ní òun ò lè bá májèlé sùn.

Wọ́n wá mú ìwé kan jáde, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti yẹ omi tó wà nínú táńkì wò, ó ti fọwọ́ sí i pé ó ṣeé mu. Mo ní ta ni ò lè fọwọ́ síwèé? Kí ọ̀gá náà wá mu ún lójú mi. Èyí àgbà nínú wọn ní, “Bàbá, ọmọ yín obìnrin ni ọ̀gá náà.”

Ìgò lo sọ fún wa pé ò ń fọ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti fojú kàn ọ́.

Jọ̀ọ́, mo nílò owó àgádágodo, ilẹ̀kùn yàrá mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Má fi rán ẹnikẹ́ni, mú un wá fúnra rẹ. Kẹ́ẹ̀gì ò kúrò níbẹ̀, mi ò sì ní tọ́ omi táńkì wò. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ délé. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ bu omi táńkì náà mu, èmi á wá gba ife lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.